Síkútà abẹ́ omi fún àwa tó ń mòòkùn ṣe fàájì: èwo ni ká rà?

ÒkunLeicester
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń mòòkùn, Stoney Cove, adágún omi aláìníyọ̀ tí wọ́n ti ń mòòkùn nítòsí Leicester, la sábà máa ń lọ torí kò jìnnà sí ilé wa, tí ọlidé bá dé a máa ń fò lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ó ti pẹ́ tá a ti ń sọ ọ́ pé a máa lọ wo Thistlegorm, ọkọ̀ tí bọ́ǹbù rì ní 1941 yẹn. Orúnkún ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu, tó bá ti fi fins, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, gbá omi fún ìgbà díẹ̀ ó ti ń rojọ́, ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ síkútà abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní DPV, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fa èèyàn lọ nínú omi. Mo ti wo fídíò títí ojú ń ta mí. Mẹ́ta ló kù nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀: Sublue WhiteShark Mix, kékeré yẹn tó ní propẹ́là méjì, Blacktip ti ilé iṣẹ́ Dive Xtras tó ń lo bátìrì dírílì, àti Seascooter àlòkù kan tí ẹnì kan ń tà ní ẹ̀dínwó gidi, bátìrì olójé ló wà nínú ìyẹn. Wọ́n ní Sublue ń sá mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣé eré yẹn ni kí n máa wò ni àbí kí ni? Ẹ má dárúkọ síkútà SUEX fún mi o, mo mọ̀ pé ó dáa, owó ẹ̀ ni ò dáa.

Oyin_Florida
Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀dá, ẹ bá wa kí ìyàwó yín. Florida níbí ni mo wà, síkútà kún gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ mòòkùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ eré torí òun ló ń tan èèyàn jù. Nọ́mbà tí wọ́n kọ sí ara páálí, kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbé sìlíńdà sẹ́yìn tó wọ BCD (jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ sí kéèyàn lè léfòó) tí ọ̀pá régúlétọ̀ tó fi ń mí ń jù fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Omi wúwo. Tí ẹ bá fẹ́ kí eré yín di ìlọ́po méjì, agbára tí móótò máa jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ wá yí i padà: tí ẹ bá dín eré kù sí ìdajì, lórí ìwé bátìrì yẹn á pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ibi tó máa gbé yín dé kó tó tán á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú omi gan-an kò ní tó bẹ́ẹ̀ torí móótò náà ní èyí tó ń fi ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ rí ìdí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń fi í sí gíà kékeré. Ẹni tó ń rọra fi fins lúwẹ̀ẹ́, bíi mítà 15 sí 20 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Síkútà tó bá ti lè gbé yín ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ dì, ó ti tó, tẹ́ ẹ bá sá ju ìyẹn lọ kí lẹ fẹ́ rí? Ẹja á ti lọ.

Ohun tí èmi máa wò ni bó ṣe ń fa èèyàn. Sublue yẹn, ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń dì í mú níwájú, apá ló ń fa gbogbo ara, tó bá ṣe díẹ̀ èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín. Blacktip àti àwọn tó jọ ọ́, okùn kan wà tẹ́ ẹ máa so mọ́ D-ring, ìyẹn òrùka irin, tó wà lára ìgbànú tó gba abẹ́ itan kọjá, ìdí ni síkútà ń fà, ọwọ́ kan péré lẹ fi ń darí ẹ̀, omi tí propẹ́là ń tú sẹ́yìn á gba abẹ́ ikùn yín kọjá dípò kó máa gbá yín láyà. Ẹ yẹ BCD yín wò o, ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ni ò ní ìgbànú abẹ́ itan yẹn rárá, ẹ máa ní láti ra tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Mòòkùn_Pẹ̀lẹ́
Mo ń tẹ̀ lé e. Èmi náà fẹ́ rà.

Táńkì12
Àǹtí Oyin ti sọ ti eré, ó kù kẹ́nì kan sọ ti ìpadàbọ̀, torí gbogbo ẹni tó ń bi wá léèrè síkútà ni kì í béèrè pé tó bá kú síbẹ̀ ńkọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ pọ̀. Ká ní ẹ wà ní mítà 20, ìyẹn bar 3, ohun tó ń tẹ̀ yín níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti orí omi. Sìlíńdà yín jẹ́ lítà 12, ó kún dé bar 200, afẹ́fẹ́ lítà 2,400 nìyẹn. Ẹ gun síkútà fún ìṣẹ́jú 10 ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ti jìnnà ní mítà 400. Ara ò ṣiṣẹ́ kankan, ká ní lítà 15 lẹ̀ ń mí ní ìṣẹ́jú kan lórí omi, ní mítà 20 ó di 45, ìṣẹ́jú 10 jẹ́ lítà 450. Ó kù 1,950. Inú yín dùn, ẹ wo géèjì ẹ rí i pé ẹ ò tíì lo nǹkan kan.

Síkútà bá kú.

Ẹ̀ ń fẹsẹ̀ padà ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú kan torí ẹ tún ń wọ́ òkú síkútà dání, mítà 400 yẹn á gbà yín ní ìṣẹ́jú 27. Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí, àyà ń já díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé lítà 20 lórí omi, 60 ní ibi tẹ́ ẹ wà. 27 lọ́nà 60 jẹ́ 1,620. Ó kù lítà 330, ẹ pín in sí 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pé bar 28, ẹ ò sì tíì gòkè o. Gbogbo wa la mọ̀ pé bar 50 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ èèyàn nígbà tó bá fi máa dé ìdí ọkọ̀. Àwọn tó ń lò ó nínú ihò abẹ́ omi ń pín bátìrì sí mẹ́ta, ìdá kan àlọ, ìdá kan àbọ̀, ìdá kan fún òjijì, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n fún àwa tá à ń ṣe fàájì, mo ní ẹ fi afẹ́fẹ́ ṣe òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó fi bátìrì ṣe é: ibi tẹ́ ẹ lè fi ẹsẹ̀ yín lúwẹ̀ẹ́ padà láti ibẹ̀, tí bar 50 á ṣì wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni òpin ìrìnàjò. Tó bá jẹ́ báyìí lẹ ṣe ń lò ó, bátìrì ńláńlá tí wọ́n ń polówó yẹn, ìlàjì ẹ̀ lẹ ò ní lò láé.

ÒkunLeicester
Haa! Ẹ̀yin Táńkì, ẹ dẹ́rù bà mí. Mo ti ń rò ó pé òun ló máa jẹ́ ká lọ jìnnà.

Táńkì12
Kò burú kẹ́ ẹ lọ jìnnà, ẹ máa lọ yípo ni, ẹ má lọ tààrà. Mítà 400 tẹ́ ẹ bá fi yí òkúta ńlá kan po sàn ju 400 tẹ́ ẹ fi kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Ẹ káàsán. Bọ̀dá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Orúnkún ìyàwó yín yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi gbogbo ìṣirò tí Bọ̀dá Táńkì ṣe lé, kì í ṣe ẹsẹ̀ tiyín. Tó bá jẹ́ pé mítà 100 lòun lè fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kó tó máa rojọ́, mítà 100 ni òpin ẹ̀yin méjèèjì, síkútà ò yí ìyẹn padà. Kó kọ́kọ́ rí dókítà tó mọ̀ nípa mòòkùn, kó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

Ìkejì ni etí. Láti ojú omi dé mítà 10 nìkan, agbára tí omi fi ń tẹ ara ti di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni etí ti ń fọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá kọ imú síkútà sísàlẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ tírígà, ẹ máa dé mítà 10 kẹ́ ẹ tó ráyè fún imú lẹ́ẹ̀mejì kí etí lè ṣí. Àwọn èyí tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú yẹn wá burú níbẹ̀ torí ọwọ́ wo lẹ máa fi fún imú? Ẹ fi okùn ìdákọ̀ró sọ̀kalẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án.

Gígòkè ló wá léwu jù. Síkútà tó ń lọ ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá dojú kọ òkè ní mítà 20, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ló máa fi gbé yín dé ojú omi. Ìrìn gígòkè tí wọ́n ní ká máa rìn ni mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kẹ́ ẹ tún wá dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ní mítà 10 á di ìlọ́po méjì kẹ́ ẹ tó yọrí, ẹni tó bá sé èémí mọ́ra nítorí ìpayà, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè ya. Nítorí náà pípa ni kẹ́ ẹ pa á tó bá ti di ìgbà àtigòkè, ẹ há a mọ́ ara D-ring, ẹ fi ẹsẹ̀ àti BCD yín gòkè. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ yín á pariwo tẹ́ ẹ bá yára, ẹ dá a lóhùn.

Ọmọ_Tarkwa
Ẹ ń gbádùn ayé o ẹ̀yin ará òkè òkun 😂 Ṣé èèyàn lè lo nǹkan yìí ní Èkó níbí? Ní Tarkwa Bay ká sọ.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Àbúrò, kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?

Ẹ̀rọ_Ń_Dún
😂😂 Ẹ dá a lóhùn dáadáa ẹ̀yin ará. Àbúrò Tarkwa, omi tó rú ni ìṣòro ibẹ̀, kì í ṣe síkútà. Tó bá jẹ́ pé mítà méjì péré lo ń rí níwájú, tí síkútà ń gbé ẹ ní mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lo ní láti ìgbà tó o rí nǹkan dé ìgbà tó o máa forí gbá a. Àwọ̀n apẹja ńkọ́? Propẹ́là àti àwọ̀n ò jọ ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn tó ń mòòkùn lójú òkun wa, iṣẹ́ epo ni wọ́n ń bá lọ, afẹ́fẹ́ láti orí ọkọ̀ ni wọ́n ń mí. Ẹ ṣáà rántí Harrison Okene, kúùkù inú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì ní 2013, tí àwọn dáífà rí láàyè nínú ọkọ̀ ní nǹkan bíi mítà 30 lẹ́yìn bíi wákàtí 60. Òun fúnra ẹ̀ ti wá kọ́ṣẹ́ dáífà báyìí, mo gba fìlà fún un.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ bọ̀dá wa torí iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe. Seascooter àlòkù olójé yẹn, mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ń dán yín wò. Bátìrì olójé tó bá ń gba iná máa ń tú gáàsì hydrogen jáde. Nínú mọ́tò kò sí wàhálà torí afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ṣùgbọ́n inú síkútà jẹ́ ibi tí wọ́n dé pa kí omi má baà wọlé, gáàsì náà ò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Ẹ tẹ tírígà, tí iná bá ta pàrà nínú ẹ̀, ó lè bú gbàmù. Ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ ṣí i sílẹ̀ kó tó ṣáàjì, kó sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa kó tó padà dé e. Tí ẹni tó ń tà á bá ti gbé e jù sí gáràjì látìgbà òtútù láì ṣáàjì ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bátìrì yẹn ti kú, àfi kẹ́ ẹ ra tuntun. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀ nípa jíjìn o, àwọn Seascooter yẹn oríṣiríṣi ni, àwọn kan jẹ́ ohun ìṣeré inú pool tí kò gbọ́dọ̀ lọ ju mítà díẹ̀ lọ, ara wọn sì jọra. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ máa wò ó, ẹ wo ibi tí ọ̀pá propẹ́là ti wọ inú ẹ̀, bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀, ẹ wo ojú tí O-ring, rọ́bà roboto tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ń jókòó sí, ẹ fi èékánná tọ ọ́, tí èékánná bá há díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

ÒkunLeicester
Ẹ ṣé gan-an, mo ti yọ ìyẹn kúrò. Ó ku Sublue àti Blacktip. Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàálù.

Ẹ̀rọ_Ń_Dún
Bàálù gan-an ló máa yàn fún yín, ẹ ò ní mọ̀. Òfin lithium nìyí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà ní gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú: bátìrì tí kò bá ju 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì) lọ, ẹ lè gbé e sínú báàgì ọwọ́. Láti 100 dé 160, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, méjì péré sì ni wọ́n máa gbà pẹ̀lú ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí àpamọ́. Ohun tó bá ju 160 lọ, kò wọ bàálù èrò rárá. Bátìrì tẹ́ ẹ bá yọ sílẹ̀ kì í lọ sínú àpótí tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ o, ọwọ́ yín ló ń wà, ẹ fi téèpù bo ẹnu iná ẹ̀. Ara síkútà tí kò ní bátìrì nínú ló ń lọ sísàlẹ̀.

Ẹ wá wò ó: ti Sublue Mix yẹn, 122 Wh ni. Ó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ íméèlì, ẹ máa tẹ ìdáhùn wọn sórí ìwé, torí ọmọ sẹkiọ́rítì tẹ́ ẹ bá bá pàdé ní pápákọ̀ lè má mọ òfin yẹn. Ti dírílì, ẹ fi fóltì lọ́nà Ah (amp-hour) tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀, Wh ẹ̀ nìyẹn. Fóltì 18 pẹ̀lú 5 Ah jẹ́ 90 Wh, ẹ̀ ń wọlé láì gbàṣẹ ẹnikẹ́ni. Èyí tó jẹ́ 9 Ah, 18 lọ́nà 9 jẹ́ 162. Wh méjì péré ló fi kọjá, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín. Mo ti rí i tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan níwájú mi lórí ìlà, ó ń bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dáhùn.

Oyin_Florida
Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Blacktip o, mo ti ń dúró kẹ́nì kan sọ ọ́. DeWalt, Milwaukee, Makita, èyí tẹ́ ẹ bá ti ní nílé ló máa ń gbà, ẹ kàn máa ra ohun ìsopọ̀ tó bá a mu. Tó bá kú, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ẹ ra òmíràn. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Florida gan-an lè gbé síkútà nìkan wá, kó ra bátìrì níbí ní Home Depot. Mo fi tèmi yí Spiegel Grove po ní Key Largo, ọkọ̀ ológun tó gùn ní mítà 155 tí wọ́n dìídì rì síbẹ̀ ní 2002, ẹsẹ̀ lásán ò lè jẹ́ kéèyàn rí gbogbo ẹ̀ nínú sìlíńdà kan. Ìta nìkan o! Síkútà ò wọnú ọkọ̀ tó rì, ìdọ̀tí tí propẹ́là máa gbé dìde nínú yàrá ọkọ̀, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín.

Mòòkùn_Pẹ̀lẹ́
Àǹtí mi, mi ò gbà. Blacktip wúwo fún ẹni tó ń lọ ọlidé pẹ̀lú àpótí kílò 23. Ẹ ka BCD, régúlétọ̀, fins, aṣọ omi, ẹ wá fi síkútà ńlá kún un, ẹ máa san owó àfikún lọ, ẹ máa san bọ̀. Sublue ò ju bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ó dé mítà 40, ìyẹn gan-an ni òpin tí wọ́n gbà fún àwa aláfẹ́. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 30 ni bátìrì ẹ̀, ó dáa, ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀? Àwọn mìíràn tún wà tó kéré jù ú lọ bíi Lefeet tí bátìrì ẹ̀ ò tó 100 Wh rárá.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n jọ ń mòòkùn. Owó Blacktip kan, ẹ lè fi ra kékeré méjì kó tún ṣẹ́ kù. Kí ọkọ máa gun síkútà kí ìyàwó máa fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, tàbí kí ìyàwó gùn ún kí ọkọ máa sáré tẹ̀ lé e, ìjà ni. Láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ ò rí ara yín mọ́, ẹni tẹ́ ẹ jọ mòòkùn ni afẹ́fẹ́ yín kejì o. Bóyá kẹ́ ẹ ní méjì tó dọ́gba, tàbí kẹ́ ẹ ní ẹyọ kan tó lágbára tó láti fa ẹni méjì.

Oyin_Florida
Ọ̀rọ̀ méjì-méjì yẹn, mo gbà fún yín. Ti wíwúwo, mo gbà ní ìdajì. Mi ò gbà ti ọwọ́ méjì, pàápàá fún aṣọ drysuit, èyí tí omi kì í wọ̀, tí wọ́n ń wọ̀ nínú omi tútù Leicester, ẹ nílò ọwọ́ láti fi afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ láti fi tú u jáde.

Mòòkùn_Pẹ̀lẹ́
Ẹ dẹ ọwọ́ kúrò lórí tírígà, ó dúró. Kí ló kù?

Táńkì12
Ẹ̀yin méjèèjì tọ̀nà, ẹ má jà. Omi tútù tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ n fi kún un: ẹni tó ń gun síkútà kì í fi ara ṣiṣẹ́, omi sì ń ṣàn gba ara ẹ̀ kọjá, òtútù á mú un ju bó ṣe máa ń mú un tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì náà kì í pẹ́ nínú òtútù bó ṣe ń pẹ́ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá rí lò ní Íjíbítì, ẹ má retí ẹ̀ ní Stoney Cove lóṣù kejì.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń paarọ̀ láàárín omi aláìníyọ̀ àti òkun máa ń gbàgbé. Síkútà tó bá gba àyè lítà 20 nínú omi, ìyàtọ̀ láàárín omi Leicester àti omi òkun máa tó bíi ìdajì kílò, Òkun Pupa tún níyọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkun yòókù lọ. Síkútà tó jókòó jẹ́jẹ́ ní Stoney Cove, tí kò rì tí kò léfòó, á máa fà yín sókè ní Íjíbítì àfi kẹ́ ẹ so òjé kékeré mọ́ ọn. Kékeré bíi Sublue, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ dán an wò níbi tí omi ò ti jìn kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Ẹ̀rọ_Ń_Dún
Ìtọ́jú díẹ̀ kí n tó lọ sùn. O-ring ló ń dá síkútà sí tàbí kó pa á, irun kan ṣoṣo tàbí iyanrìn kékeré lábẹ́ ẹ̀ ti tó fún omi láti wọlé. Ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì silicone fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó kàn máa dán ni, ẹ má fi ṣe òróró ìpara. Lẹ́yìn mòòkùn ẹ fi omi aláìníyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ yí propẹ́là ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kí iyọ̀ jáde, ẹ tú okùn apẹja tó bá wé mọ́ ọn. Bátìrì lithium, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e jù síbì kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi iná bí ìdajì sílẹ̀ nínú ẹ̀. Èyí tí omi iyọ̀ bá ti wọ̀, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ mọ́ láé, ẹ gbé e síta jìnnà sí ilé.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Ọ̀rọ̀ ṣíṣáàjì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí. Ẹ rántí Conception, ọkọ̀ àwọn tó ń mòòkùn tó jóná ní California ní oṣù kẹsàn-án 2019, ẹni 34 ló kú, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sùn sí. Àwọn tó wádìí ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló dá iná náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru yẹn, bátìrì tí wọ́n ń ṣáàjì sì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ má ṣáàjì síkútà lóru tẹ́ ẹ ń sùn, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ nínú kábíìnì.

ÒkunLeicester
Ọlọ́run máa ṣọ́ wa. Ẹ ṣé ẹ̀yin ará, mo ti kó gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi kà, ó ní kí n kí Nọ́ọ̀sì. Ibi tá a bá a dé nìyí: a ò ní rà báyìí. A máa lọ yá kékeré méjì lò lọ́jọ́ kan, a máa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ DPV ti PADI, àwọn tó ń kọ́ni ní mòòkùn, wọ́n ní méjì péré ni mòòkùn tó wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi máa fẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kí n ka mítà ẹ̀ kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀, iye yẹn la máa lò. Èmi ń rò ó pé kékeré méjì la máa padà rà. Ṣé ohun kan wà tí mo gbàgbé?

Oyin_Florida
Ẹ pe Stoney Cove àti ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa gbé ní Íjíbítì kẹ́ ẹ tó sanwó fún ohunkóhun, ẹ béèrè bóyá wọ́n gba síkútà, ibo ni wọ́n ti ń ṣáàjì ẹ̀. Ibi mìíràn ò gbà á lórí iyùn nítorí propẹ́là. Níbi ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ ní kí olùkọ́ yín fi hàn yín bẹ́ ẹ ṣe máa pa á tí tírígà bá há, torí ó ń há o, iyanrìn ló ń fà á. Àwọn kan ẹ máa yí nǹkan, àwọn kan bátìrì lẹ máa tú, tòmíràn yàtọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan propẹ́là, ẹ di irun yín, ẹ há gbogbo ọ̀pá àti géèjì mọ́ ara.

Táńkì12
Kẹ́ ẹ sì tẹ tírígà lẹ́ẹ̀kan lórí ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó fò sómi, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹ ka ìwé ẹ̀ wò ná o, àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó yí lórí ilẹ̀.